Ẹ Bi Omi Kí Ẹ Tó Bi Igi

Bí jẹ́tì onígi bá wó létí ọ̀sà Èkó, ohun mẹ́ta ni àwọn èèyàn máa ń dá lẹ́bi: ìjì, èrò tó pọ̀ jù, àti káfíńtà. Ìjì ti lọ. Èrò ti wẹ̀ jáde, wọ́n ti ń wá aṣọ gbígbẹ. Káfíńtà nìkan ni wọ́n mọ ojúlé rẹ̀. Èmi sì ni káfíńtà. Kétu ni ìsọ̀ mi wà, ṣùgbọ́n orí omi ni mo ti ń jẹun: jẹ́tì, afárá ẹlẹ́sẹ̀, ilé olópòó, pákó tí a fi ń di etí omi mú kí ilẹ̀ má baà ya lọ, láti Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí dé Àgbòyí, láti Májídùn dé apá Ẹ̀pẹ́. Òpó tó ti kú tí mo ti fà yọ nínú ẹrẹ̀ kò níye, mi ò sì tíì bá ìjì nínú ọ̀kankan wọn.

Ohun tí mo ń bá níbẹ̀ nìyí. Lókè, níbi tí oòrùn ti ń pa á tí òjò sì ń rọ̀ sí i, òpó á ṣì le koko, ìṣó á ṣì mú un dáadáa. Bí omi bá fà, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wò ó níbi tó ti wọ ẹrẹ̀, ara rẹ̀ á ṣì jọ ara igi. Àfi tí ẹ bá fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, tí ẹ tẹjú mọ́ ọn, ni ẹ ó tó rí àwọn ihò tóótòòtó tí kò ju orí píìnì lọ. Ẹ wá fi ayùn gé e ní ibẹ̀ gan-an. Gbogbo inú rẹ̀ ti di ihò tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́, ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, a sì ti fi ẹfun rẹ́ ara ihò kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igi tó ṣẹ́ kù láàárín wọn kò nípọn ju páálí lọ. Òpó tó gba agbára ọkùnrin mẹ́rin lọ́jọ́ tí a rì í, ọmọ iṣẹ́ kan á gbé e sí èjìká, á sì máa kọrin lọ.

Àwa oníṣẹ́ ń pe ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn ní kòkòrò, nítorí pé ó gùn gbọọrọ, ó sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹran inú ìkarahun ni, ìbátan ìṣáwùrú, kì í ṣe ìbátan ìkán rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, ohun tí a fi ń lé ìkán ni yóò máa kùn sára òpó, owó rẹ̀ á sì máa bá omi lọ.

Nígbà tó wà lọ́mọ tuntun, ojú lásán kò lè rí i. Omi ló ń gbé e kiri. Ọjọ́ tó bá bá igi pàdé, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkarahun rẹ̀ méjèèjì, tó léyín wẹ́wẹ́ yíká, họ igi náà títí tí yóò fi wọlé. Ihò tó bá wọlé kì í fẹ̀ sí i mọ́. Inú ló ti ń sanra. Bó ṣe ń gùn ló ń gbẹ́, ó ń bá iṣan igi lọ, ìkarahun rẹ̀ ń ṣíwájú, ara rẹ̀ tó kù ń tẹ̀ lé e ní ìhòòhò. Irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Teredo navalis lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ẹbí rẹ̀ kan sì wà nínú omi ilẹ̀ gbígbóná tí wọ́n ń gùn ju mítà 1 lọ. Igi tó ń họ náà ló ń jẹ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú ara rẹ̀ ló ń bá a sọ igi di oúnjẹ, ohun tí inú tiwa kò lè ṣe.

Lẹ́nu ihò tó ti wọlé, ó fi okùn ẹnu tín-ín-rín méjì sílẹ̀ síta: ọ̀kan ń fa omi wọlé, èkejì ń tu ìdọ̀tí àti ọmọ jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ní ìdérí kékeré méjì. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, tàbí omi kò bá a lára mu, á fa ẹnu wọlé, á sì fi ìdérí yẹn ti ilẹ̀kùn. Ẹ fi ìdérí yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ mi rọ̀ mọ́.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ tó nínú òpó kan, ihò ọ̀kan kì í la ti èkejì. Wọ́n ń yà fún ara wọn nínú òkùnkùn, wọ́n ń rọra kọjá lára ara wọn, débi pé gbogbo igi ló máa tán kí ẹnikẹ́ni tó já sínú yàrá ẹnìkejì. Òun ló fà á tí òpó fi máa ń dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, tí yóò sì wó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Marc Brunel, ẹnjiníà ọmọ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wo bí ẹran yìí ṣe ń gbẹ́ ihò tó sì ń rẹ́ ẹ lọ́wọ́ kan náà, ó sì ti ibẹ̀ ronú ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbẹ́ ọ̀nà gba abẹ́ odò Thames ní London, èyí tí wọ́n ṣí ní 1843. Mo máa ń rántí ọkùnrin yẹn nígbà tí inú bá ń bí mi sí ẹran náà. Òun kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwa ń fi jẹ́tì sanwó ẹ̀kọ́.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń bá wa jà. Martesia wà, ẹlẹ́karahun bíi tirẹ̀, àmọ́ kì í gùn, kì í sì í jẹ igi. Ibi ìsápamọ́ lásán ló ń gbẹ́. Sphaeroma tún wà, ìbátan edé àti akàn, ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, tó máa ń ká ara rẹ̀ róbótó bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Àárín ibi tí omi ń kún dé àti ibi tó ń fà dé ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ìbàdí òpó ló máa ń tín-ín-rín, òkè àti ìsàlẹ̀ á sì wà bí wọ́n ṣe wà. Òpó tí Sphaeroma ń jẹ kì í tan èèyàn jẹ, ojú ń rí i láti inú ọkọ̀. Ti Teredo ni kò ṣeé fojú rí. Ẹ máa rántí Sphaeroma náà, nítorí ó lè gbé nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré gan-an, omi tó máa lé Teredo sá.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 208 níbùú àti lóròó, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ló fi ń bá òkun sọ̀rọ̀, ìyẹn ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Apápá. Lápá kejì, Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń da omi òjò sínú rẹ̀. Ní àkókò òjò, odò ló ń borí. Omi ọ̀sà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi kànga. Bí ẹ̀rùn bá dé, odò á fà, òkun á rọra wọlé, iyọ̀ á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti Oṣù Kejìlá títí di Oṣù Kẹrin. J. E. Webb àti M. B. Hill ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1958 nínú ìwádìí wọn lórí ọ̀sà wa. Ní 1966, Sandison àti Hill tún tọpa ibi tí àwọn ẹran omi tó ń lẹ̀ mọ́ òpó àti òkúta lè gbé dé nínú èbúté àti àwọn ọmọ odò tó yí i ká, wọ́n sì fi iyọ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Èyí tí àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ń fi ahọ́n tọ́ wò kí wọ́n tó ju àwọ̀n nìyẹn.

Bí iyọ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, Teredo á ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ pé ó lè wà ní títì bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, kí ó máa jẹ ohun tó ti kó pamọ́ sára. Òjò ti Èkó ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ. Níbi tí odò bá ti lágbára, omi tútù á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn títí ẹni tó wà nínú ilé yóò fi kú. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń wa ọkọ̀ onígi wọn wọ inú odò, wọ́n á jẹ́ kó sinmi níbẹ̀ kí omi tútù pa ohun tó wà nínú pákó. Àmọ́ ihò tó ti gbẹ́ sílẹ̀ kò ní dí. Òpó kì í hu ara tuntun. Bí ẹ̀rùn mìíràn bá dé, ọmọ tuntun á tún bá omi iyọ̀ wọlé, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n dá a dúró sí.

Ẹ wá wo Kòsọ́fẹ́ wa yìí pẹ̀lú ojú yẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ni, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kì í ṣe omi kan. Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí dojú kọ ojú ọ̀sà gbalasa, níbi tí Afárá Third Mainland ti gun ilẹ̀. Ẹ̀rùn tó bá le, iyọ̀ á dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Kétu lọ sí Àgbòyí, ẹ ti wà nínú ọmọ odò tí Odò Ògùn ń fún lómi. Ẹ tún gòkè sí Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú, sí Òwòdé àti Ìṣẹrì, omi odò pátápátá lẹ wà. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù níbẹ̀ ni omíyalé, kì í ṣe iyọ̀. Láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì kò jìnnà. Ẹni tó mú ọkọ̀ láàárọ̀ lè dé gbogbo rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Síbẹ̀, igi tó máa lo ọjọ́ ayé rẹ̀ pẹ́ títí ní apá òkè lè ṣègbé ní ojú ọ̀sà láàárín ẹ̀rùn bíi mélòó kan.

Mo ní ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò, kò sì gba owó. Mo máa ń gé pákó arère tó tó ìwọ̀n ìwé ọmọ ilé-ìwé, mo máa so ó mọ́ okùn pẹ̀lú òkúta, mo máa jù ú sí ẹsẹ̀ òpó kí ọyẹ́ tó dé. Arère rọ̀, gbogbo ẹnu ló lè jẹ ẹ́, nítorí náà kì í fi nǹkan pamọ́. Bí ẹ̀rùn bá ń parí lọ, mo fà á sókè, mo fi ayùn là á. Èyí tí mo bá so sí Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí máa ń kún fún ẹfun. Ti Àgbòyí máa ń mọ́ tàbí kí ó ní àmì eyín Sphaeroma lára. Láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà, nítorí ààlà iyọ̀ kì í dúró lójú kan. Ọdún tí òjò bá tètè dá, á gòkè, ọdún tí òjò bá pẹ́, á sọ̀ kalẹ̀.

Alhaji kan tó ní ilẹ̀ létí omi ní Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí ránṣẹ́ pè mí nígbà kan tí jẹ́tì rẹ̀ dojú dé. Ẹlòmíràn ló kọ́ ọ, kò sì sí nítòsí mọ́. Ẹnì kan náà yẹn ti kọ́ òmíràn fún ẹbí Alhaji ní Àgbòyí, òun ṣì dúró.

“Bàbá Káfíńtà, ẹ gbà mí o,” ló wí. “Igi kan náà ni, ibì kan náà la ti rà á, ọwọ́ kan náà ló kàn án. Tiwọn dúró, tèmi wó. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ ìyá mi kan ló mọ ohun tó ṣe sí i.”

Mo ní, “Alhaji, ẹ má ṣe fi bú ẹbí. Kòkòrò yìí kò bá igi wá láti ọjà. Omi ló gbé e wá. Odò Ògùn ló ń ṣọ́ jẹ́tì tiwọn, ẹ̀yin kò ní olùṣọ́.”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo oníṣègùn tí kò béèrè ẹbọ. Mo fa òpó kan yọ, mo là á níwájú rẹ̀. Ó gbọ́n, nígbà tó rí ẹfun inú rẹ̀, tó sì rí ẹran kan tó ṣì ń mira, kò béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá mọ́. Ìbéèrè tó bi mí lẹ́yìn náà ló dára jù: “Ṣé ibi tí iyọ̀ dé lónìí náà ló máa wà títí?”

Rárá o. Gbogbo ìtàn tí mo mọ̀ nípa ẹran yìí, ìtàn ibi tí òun tàbí iyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí dé ni. Ní 1730 àti 1731, àwọn ará Họ́láǹdì rí i pé àwọn òpó tó ń di ògiri omi wọn mú ní Westkapelle àti láwọn ibòmíràn ti di ihò nínú. Ilẹ̀ wọn rẹlẹ̀ ju òkun lọ, ògiri yẹn ni ẹ̀mí wọn. Àwọn pásítọ̀ wọn ní ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nígbà tó fi máa di 1733, Gottfried Sellius ti tẹ ìwé jáde lórí ẹran náà, tó fi hàn pé ẹlẹ́karahun ni. Wọ́n yọ igi kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra òkúta láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ fojú inú wo iye tí ó ná wọn.

Ti San Francisco ló tún jọ tiwa jù. Apá òkè omi wọn níbẹ̀, odò ńlá méjì ló ń mú un tútù, nítorí náà àwọn èèyàn fi igi lásán kọ́ èbúté àti ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi dúró. Lẹ́yìn 1917 òjò ṣọ̀wọ́n, odò fà, iyọ̀ gòkè, Teredo tó ti wọ ibẹ̀ ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú bá a gòkè. Láàárín 1919 sí 1921, èbúté ń wó léraléra, tòun ti ọkọ̀ ojú irin àti ẹrù tó wà lórí rẹ̀ nígbà mìíràn. Igi wọn kò yí padà. Omi ló yí padà lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ní Kùtọnu, wọ́n la ọ̀nà omi ní 1885 láti inú adágún Nokoué sí òkun, kí ìkún omi lè rí ibi gbà jáde. Ó gbà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ènìyàn fi ń jáde náà ni àlejò fi ń wọlé. Iyọ̀ wọ adágún náà lẹ́rùn, àwọn apẹja Ganvié àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ fún ẹja láti sá sí, èyí tí wọ́n ń pè ní akaja, sì wá ní ọ̀tá tó ń jẹ ẹ̀ka wọn. Ẹ̀ka tí a gé lọ́fẹ̀ẹ́ ní igbó tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a ń rà lóòrèkóòrè.

Àwa náà ti ṣílẹ̀kùn tiwa. Kí ìjọba amúnisìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sẹ́nu ọ̀nà òkun Èkó ní 1908, iyanrìn ló dí ẹnu yẹn, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ títí dòní, nítorí pé Apápá kò lè jẹun láìsí i. Lápá òkè, Ìdídò Ọ̀yán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983, ló ń pinnu iye omi tó ń bá Odò Ògùn wá. Nígbà òjò, bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ àti Mile 12 á máa fi ọkọ̀ ojú omi wọlé ara wọn, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2010. Bíbú lásán ni gbogbo wa ń bú ìdídò náà. Ṣùgbọ́n lẹ́rùn, omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ níbẹ̀ ló ń ti iyọ̀ sẹ́yìn fún wa ní Àgbòyí. Omi tí wọ́n ń fà láti inú odò kan náà lọ sí ilé-iṣẹ́ omi Ìjù àti Àdíyàn, iyọ̀ ló ń fi àyè yẹn sílẹ̀ fún. Ẹ tún fi àwọn tó ń wa iyanrìn kún un. Ojú odò tí wọ́n bá gbẹ́ jìn, omi iyọ̀ tó wúwo ju omi tútù lọ máa ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá bu omi lókè tọ́ wò á ní kò níyọ̀, ẹsẹ̀ òpó rẹ̀ sì ti wà nínú òkun.

Mi ò ní kí wọ́n má wa iyanrìn. Iyanrìn yẹn ni wọ́n fi kọ́ ilé mi. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò èrè rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka òpó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ igi. Oníbàárà máa ń bi mí pé igi wo ni kòkòrò kì í jẹ. Kò sí. Èyí tó ń pẹ́ kó tó jẹ tán ló wà. Ẹ̀kì ló ṣáájú. Ó wúwo débi pé ó máa ń rì, ó ń ba ẹnu ayùn jẹ́, ọmọ iṣẹ́ tó bá kàn án á ṣépè. Àwọn ará Họ́láǹdì tí mo sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, igi yìí gan-an, tí wọ́n ń pè ní azobé, ni wọ́n ń kó láti Kamẹrúùnù àti etíkun wa lọ fi ṣe ilẹ̀kùn omi wọn. Igi ilẹ̀ wa ń ṣọ́ ilẹ̀ wọn, àwa ń fi afárá àti àhún ṣe jẹ́tì, nítorí pé òun ló wà nílẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ tẹ̀ lé ẹ̀kì, ó sì rọrùn láti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ìrókò tí gbogbo ayé ń pọ́n lé, orí ilẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà. Mi ò ní rì í sínú omi iyọ̀ kí n sùn dáadáa. Ọparun kò dára fún ohunkóhun tó máa ju ẹ̀rùn kan lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń purọ́ fún ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀.

Ẹ tún máa wo igi dáadáa lọ́jà. Ọ̀pọ̀ gẹdú tó ń dé àwọn ibi ìlagi etí ọ̀sà, orí omi ni wọ́n ti ń wọ́ ọ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, a dì wọ́n pọ̀, wọ́n sì lè wà lórí ọ̀sà fún ìgbà pípẹ́ kí ayùn tó kàn wọ́n. Bó bá jẹ́ ẹ̀rùn ni, ẹran ti lè wọ̀ ọ́ kí ó tó di pákó. Ẹ wo ibi tí wọ́n gé. Bí ẹ bá rí ihò tó ní ẹfun lára, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń kan àpótí ìkẹ́rù.

Kọ́ndẹ́mú ọ́ìlì, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò, ńkọ́? Gbogbo káfíńtà ló ń kùn ún, oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó dúdú, ó sì ń rùn bí ohun tó lágbára. Lórí ilẹ̀, ìkán lè yà fún un díẹ̀. Nínú omi, ó ń fọ̀ lọ, ó ń lọ sínú àwọ̀n ẹja. Egbòogi tó lè dá ẹran yìí dúró, inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń fi agbára tì í wọnú igi gbígbẹ títí yóò fi dé ọkàn rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe é. Bí ẹ bá sì gé irú igi bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ lu ihò fún bóòtù lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é tán, ẹ ti ṣílẹ̀kùn. Àwọn agbọ́kọ̀ wa mọ ọ̀nà àtijọ́ kan: wọ́n á fa ọkọ̀ sókè ilẹ̀, wọ́n á fi iná ewé gbígbẹ rà á lábẹ́ títí tí yóò fi dúdú, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Iná àti gbígbẹ ń pa ohun tó wọ pákó. Àwọn Òyìnbó lo bàbà. Ọkọ̀ ogun HMS Alarm ni wọ́n kọ́kọ́ fi bàbà bò nísàlẹ̀ ní 1761, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ń kó ẹrú láti etíkun wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo tiwọn, nítorí pé omi wa ń jẹ ọkọ̀ wọn. Mi ò tíì rí ìdí tí mo fi yẹ kí n bínú sí Teredo fún ìyẹn.

Jẹ́tì kò ṣeé fà sókè ilẹ̀ bí ọkọ̀. Ohun tí mo ń ṣe ní ojú ọ̀sà ni pé mo máa ń ki òpó sínú páìpù ike ńlá kí n tó rì í, ike náà á ti inú ẹrẹ̀ gòkè kọjá ibi tí omi ń kún dé, màá wá da kọnkéré sí àárín wọn. Igi ń gbé ẹrù, ike ń dí ojú ọ̀nà. Bí ara ike náà bá fọ́ níbì kan ṣoṣo, asán ni gbogbo rẹ̀, nítorí ọmọ tí ojú kò rí kò nílò ju ìyẹn lọ. Àwọn ẹlòmíràn á ní kí a kúkú fi kọnkéré ṣe gbogbo rẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ bọ́: iyọ̀ kan náà ń jẹ irin inú kọnkéré, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ tún òpó Third Mainland ṣe lábẹ́ omi.

Kì í sì í ṣe gbogbo igi tó bá wó lórí ọ̀sà ni kí ẹ di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹran yìí. Ilé-ìwé tó léfòó ní Makókó, tí Kúnlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀, tó sì wó ní Oṣù Kẹfà 2016, orí àgbá ike ló wà, kò ní òpó nínú ẹrẹ̀. Òjò àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀. Mo sọ ọ́ nítorí pé oníbàárà kan fẹ́ fi í dẹ́rù bà mí.

Láàárín Àgbòyí àti Májídùn ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi báyìí wà, níbi tí ààlà iyọ̀ ti máa ń ṣí kiri. Àwọn tó ni ín fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ kíá, kí wọ́n lè ṣí i kí ọdún tó parí. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ti so arère mẹ́ta síbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́bàá ẹrẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti wa iyanrìn. Bí èyí tó wà lẹ́bàá ẹrẹ̀ bá mọ́ nígbà tí mo bá fà á sókè ní Oṣù Kẹrin, ọ̀pẹ̀pẹ̀ lásán ni màá fi ṣe é, Sphaeroma nìkan ni a ó máa ṣọ́ lọ́dọọdún. Bó bá ní ẹfun, ike àti kọnkéré ni, owó rẹ̀ á sì lé. Mo ti kọ iye méjèèjì sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ní iye kejì pọ̀ jù, mo ní kí wọ́n má bá mi dúnàádúrà kí omi tó dáhùn.